Kí Ọkọ̀ Tó Wọ Omi

Ìgò mẹ́ta lójúmọ́ ni Yasna kọ sínú ìwé,
fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko
kí ọ̀bẹ tó kan ikùn rẹ, Bàbá.
Ìgò kékeré, kò ga ju àtàǹpàkò méjì lọ,
mílíìkì tí wọ́n fi èròjà amáradàgbà kún bámúbámú,
òórùn fàníla, adùn tí kò jọ nǹkan kan.
O wò ó, o ní, "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí?"

Ní Chiloé, òjò ò mọ ọjọ́ ìsinmi.
Ilé wa dúró lórí òpó igi nínú omi;
bí ìgbì bá dé lálẹ́, à ń gbọ́ ọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì
bí ẹni tó ń fọ àwo.
Àádọ́ta ọdún lo fi kan ọkọ̀ apẹja,
Eleuterio, ọmọ Barría.
Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kókó burúkú ti fìdí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ikùn rẹ,
ọ̀dùnkún ò lọ, ẹja ò lọ,
omi ọbẹ̀ nìkan ló ń kọjá, òun náà á tún tọrọ ọ̀nà.
Bẹ́líìtì rẹ gba ihò tuntun. O fi ìṣó lu ú fúnra rẹ.
Lóṣù tó tẹ̀lé e, o tún lu òmíràn.

Yasna gbé ọ sórí òṣùwọ̀n: kílò mọ́kànléláàádọ́ta.
Ó wo ojú mi, ó ní:
"Dókítà mọ gígé, ó mọ rírán,
ṣùgbọ́n òwú kọ́ ló ń so ẹran pọ̀. Ara ló ń so ara.
Kí ni ara yóò fi so ó,
bó bá jẹ́ iṣan apá rẹ̀ ló ń jẹ sùn?"

Mo kó àpótí ìgò wálé.
Lójoojúmọ́ mo ń ka òfìfo lójú fèrèsé: mẹ́ta, mẹ́fà, mẹ́sàn-án.
Inú mi dùn,
àfi ìgbà tí mo ṣàkíyèsí ológbò wa,
ológbò tó ti rù bí okùn àwọ̀n,
tó dédé ń dán, tí ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀,
tí kò ka orí ẹja sí mọ́.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo ṣe méjèèjì.
O ní, "Wọ́n fẹ́ là mí, wọ́n tún fẹ́ bọ́ mi sanra.
Ẹlẹ́dẹ̀ àjọ̀dún ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún."

Mi ò fèsì. Mo jókòó tì ọ́ lójú fèrèsé.
Omi ti fà sẹ́yìn. Ọkọ̀ Neftalí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹrẹ̀;
ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pákó rẹ̀ ti yanu.
Neftalí ń fi garawa bu omi òkun sínú rẹ̀,
garawa kan, garawa kan, kò kánjú.

"Kí ló ń ṣe yẹn?" ni mo bi ọ́, bí ẹni tí kò mọ̀.
Ojú tí o fi wò mí!
"Ó ń fún pákó lómi mu.
Pákó tó gbẹ ò ṣeé tì sójú òkun.
Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu, kó wú, kí etí pákó pàdé etí pákó,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́..."
O dákẹ́.
Ìró garawa nìkan.
O dákẹ́ pẹ́.
Lẹ́yìn náà o na ọwọ́. O kò wojú mi.
"Gbé kiní ọmọdé yẹn wá."

Ológbò ké lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù. Yasna ní mẹ́jọ sàn ju òdo lọ,
ó ní òun ò lè búra.
O ń fọwọ́ di imú mu ún, o ń bú ẹni tó dá fàníla sílẹ̀.

Ní Puerto Montt, ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ.
Wákàtí mẹ́rin, bẹ́líìtì rẹ lórí itan mi,
mò ń fi ìka wá ihò rẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Dókítà Oyarzo mú àwòrán inú rẹ wá.
O la ojú kan. O kò béèrè ìrora, o kò béèrè ilé.
Ìbéèrè káfíńtà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ wọ omi lo bi í:
"Ṣé ó ń jò?"