Ẹ̀kúnwọ́ Ìrẹsì Kan

Iṣẹ́ méjì ni mo ń fi òṣùwọ̀n kan ṣe ní Mandaue.
Láàárọ̀, mo ń wọn ìrẹsì fún ará àdúgbò.
Nígbà tí ìjà bá ku ọ̀la,
ìgbìmọ̀ ẹ̀ṣẹ́ á rán kẹ̀kẹ́ wá gbé mi,
èmi àti irin àtijọ́ mi tí mo fi aṣọ ìnura wé.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.
Ẹ má pè mí ní ọ̀mọ̀wé. Teofilo Amper ni mí.
Mo mọ ohun tí abẹ́rẹ́ ń sọ,
mo sì mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹnu rẹ̀ purọ́.

Ẹ wo Crisanto Labajo, ọmọ apẹja láti Bantayan.
Póùn márùn-únlélọ́gọ́rùn-ún ni ìwé àdéhùn wí.
Ọjọ́ méjì gbáko, kò fẹnu kan omi.
Ó wọ aṣọ ọ̀rá, ó jókòó sínú mọ́tò
tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan,
ó ń tutọ́ sínú ife bí ẹni ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀.
Nígbà tó fi máa gun orí irin mi,
ètè rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.
Abẹ́rẹ́ kọjá àmì. Ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì kan.
Wọ́n fi aṣọ bò ó, ó bọ́ ṣòkòtò.
Ó ṣì lé.
Wọ́n wá fá irun orí rẹ̀ lójú gbogbo wa,
irun ń já bọ́ sórí símẹ́ńtì pápá bọ́ọ̀lù,
abẹ́rẹ́ sì padà sáyè rẹ̀.
Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.
Fún kí ni? Fún irun?

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, kó tó kọjá sínú okùn,
mo ní kó gùn ún fún mi, láàárín èmi àti òun.
Méjìdínlọ́gọ́fà!
Ẹni tí mo wọ̀n lánàá ti lọ,
àjèjì kan ló fẹ́ jà lórúkọ rẹ̀.
Hisanori Kuwae, ọmọ Okinawa, ni wọ́n kó o kò.
Inú tirẹ̀ kọ oúnjẹ, kò rí ara kó padà.
Abala karùn-ún ló ṣubú.
Ó jókòó lórí àpótí títí wọ́n fi gbálẹ̀ tán,
ó ń bi olùtọ́jú rẹ̀ pé ọjọ́ wo la wà.

Bí mo bá wọn ìrẹsì lánàá,
tí mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú,
tí mo sì tà á lónìí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wọ̀n ọ́n,
ọlọ́pàá ni yóò bá mi parí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ bi mí, ẹ ò bi mí:
ẹ wọ̀n wọ́n létí okùn, kí aago tó dún.
Ẹ sì wú lára àwọn ààlà yẹn.
Márùn-ún lé lọ́gọ́rùn-ún, mẹ́jọ lé, méjìlá lé,
poro tóóró tí kò gba ẹsẹ̀ méjì,
bẹ́ẹ̀ ọba mẹ́rin ń jà sí poro kan, oníkálukú pẹ̀lú ìgbànú tirẹ̀.
Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọjá igba póùn, ọgbà tán.
Ẹni igba ó lé mẹ́wàá á kojú ẹni ọ̀rìnlénígba,
wọ́n á ní ńlá ni ńlá ń jẹ́.
Ta ló ṣe ìṣirò yìí?
Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo sọ ọ́ fún bàbá Crisanto létí òkun.
Ó ń tún àwọ̀n ṣe, kò gbójú sókè.
Ó ní, “Tí ẹ bá wú ààlà mẹ́ta nínú wọn,
ìgbànú wo ló máa kù fún ọmọ mi?”
Mo wá èsì, n kò rí.
N kò tíì rí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Crisanto wá ra ìrẹsì kílò márùn-ún,
orí rẹ̀ ń dán, ojú kan wú.
Ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ju bí mo ṣe tẹjú mọ́ ọn lọ.
“Nong Teofilo, ó ku díẹ̀.”
Lóòótọ́ ló kù.
Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.