Ìwọ̀n Eyín

Ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ó lé méjìlá ló wà nínú agolo bisikíìtì.
Èmi ni akápò, èmi ni mo mọ̀.
Negaunee, oṣù kìíní ọdún, yìnyín ti ga dé ojú fèrèsé,
àwa ọmọ mẹ́rin nínú gáréèjì Baba Kangas,
ìwé ọjà kan ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì:
ẹsẹ̀ kan, irínwó dọ́là. Róbọ́ọ̀tì ń lo mẹ́rin.
Tekla pa ìwé náà dé.
Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Tiwa á jẹ́ ọbẹ̀ àsèṣẹ́kù.

Ohun tí a ń wá kò ju ìrìn alákàn lọ:
kó kọjú síhìn-ín, kó gba ọ̀hún lọ,
kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yí ọrùn ara rẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ èkejì.
Mọ́tò méjì sí ẹsẹ̀ kan
(mi ò wí mọ́tò tí ń gbé èrò, èyí tí ń yí lásán ni mo wí),
ọ̀kan á sáré, ọ̀kan á darí.
Mẹ́jọ. Mo pín owó sí mẹ́jọ:
mọ́kàndínlógójì, kò tíì sí táyà níbẹ̀, kò tíì sí béárìn.
Mo tún un pín. Kò yí padà.

Bertrand gbé díríìlì kan dé, bátìrì rẹ̀ ti kú,
dọ́là méje níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ta àlòkù.
A tú u. Mọ́tò inú rẹ̀ kò tó ẹyin adìyẹ,
àmọ́ ọ̀kẹ́ kan ni ìyípo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan,
aláriwo, ọ̀yájú;
fi ìka méjì fún un lọ́rùn, ó dákẹ́.
Eré kò wọ́n lọ́jà. Ipá ló wọ́n.

Ibẹ̀ ni jíà ti wọlé.
Kékeré eléyín méjìlá ń ti àgbà eléyín ọgọ́ta,
ó yí lẹ́ẹ̀marùn-ún kí àgbà tó yí lẹ́ẹ̀kan,
ohun tó sọnù ní eré, ipá ló fi gbà á.
Ẹnikẹ́ni kò ta wá lọ́rẹ, pàṣípààrọ̀ ni.
Nínú díríìlì, mẹ́ta ń yí ọ̀kan ká, ìpele méjì:
"Mẹ́rìndínlógójì sí ọ̀kan," ni Lorna wí,
ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́.
A gbé táyà wá, ó ṣe rẹ́gí. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́.

Ti ìdarí ló dá ìjà sílẹ̀.
Baba Kangas kó wa lọ sí ọgbà òkú ọkọ̀,
a fi ṣọ́bìrì wú wọn jáde nínú yìnyín,
a yọ mọ́tò wáípà mẹ́rin, dọ́là márùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Tekla ní wọ́n ti lọ́ra jù.
Baba ní kó wo inú rẹ̀: ekòló irin kan lọ́ mọ́ àgbá eléyín.
Ekòló lè yí àgbá. Àgbá kò lè yí ekòló.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ẹ̀rọ tó ń sọ èèyàn kalẹ̀ sínú kòtò irin;
ó ní jíà tó bá lè yí padà sẹ́yìn,
òun kì í kọ ẹ̀yìn sí i.
Kò sọ ẹni tó kú. A kò bèèrè.

Òru ọjọ́ Tọ́sìdé, jíà oníke tí Bertrand tẹ̀ jáde
ń dún bí ẹni ń họ egungun jẹ.
Eyín mẹ́ta já sílẹ̀, funfun,
bí eyín wàrà ọmọ ọdún méje.
Ó tún un tẹ̀: eyín tó tóbi, tí kò pọ̀.

Sátidé, ó rìn.
Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin,
ẹsẹ̀ mẹ́ta gbọ́ràn,
ẹ̀kẹrin kọjú sí ilẹ̀kùn bí ẹni fẹ́ máa lọ ilé.
Ó ku dọ́là mẹ́fà nínú agolo.
Baba Kangas bẹ̀rẹ̀, ó fi orí sukurudíráfà kan jíà náà,
ó fi ìdí rẹ̀ sétí,
ó na ọwọ́ sí wa pé kí a má mí.