Erùpẹ̀ Tó Bá Mi Wálé

Lálẹ́ tí mo dé, mo tú báàgì mi palẹ̀
nínú yàrá mi ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́yìn ìlà rélùweè.
Sàdíkù aránbàtà ló fi tapólì ògbólógbòó rán an.
Okùn ọ̀tún já lọ́jọ́ kẹta,
mo fi ìgbànú mi so ó,
mo wá ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú gun òkè.

Ohun tó jáde níbẹ̀ kò tó nǹkan:
ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ́ sórí ẹ̀gún níbì kan;
agolo sàdíìnì tí mo fi ń se omi;
ìwé pélébé tí mo kọ orúkọ àwọn tó gbé mi sí;
àti erùpẹ̀ pupa.
Erùpẹ̀ náà pọ̀ ju ẹrù lọ.

Ta ni yóò gbà mí gbọ́
pé èmi atúnmaṣíìnì-ìránṣọ-ṣe,
tí n kì í kọjá Ojúẹlẹ́gba láìnídìí,
ni mo dúró lẹ́bàá títì lókè Máńbílà,
tí mo na àtàǹpàkò sójú afẹ́fẹ́
bí ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ kó gbé òun pọ̀n?

Ọkọ̀ kìíní, iṣu ló kó. Mo sùn lórí iṣu.
Ọkọ̀ kejì, ewúrẹ́. Èmi àti ewúrẹ́ ń wo ara wa,
a ò mọ ẹni tí wọ́n ń gbé lọ tà nínú wa.
Ọkọ̀ kẹta kò wá.
Mo rìn.

Wọ́n ní arìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.
Èmi ò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ o.
Mo rí ìkùukùu nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi.
Mo rí màlúù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè
bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́bẹ̀.
Mo rí Úréérà, tí kò gbọ́ Yorùbá,
tí èmi náà ò gbọ́ Fúlàní.
Ó bu wàrà fún mi, ó wo ìléròrò gìgísẹ̀ mi,
ó pòṣé gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń pòṣé.
Ìyẹn yé mi.

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dá a sọ.
L'Ékòó a ń ra òtútù nínú fíríìjì;
lọ́hùn-ún ọ̀fẹ́ ni, ó ń wọ eegun láìkanlẹ̀kùn.

Ìbídùn, ọmọ yàrá kejì, jókòó lẹ́nu ọ̀nà,
ó ń wò mí bí mo ṣe ń gbá erùpẹ̀ jọ.
"Bọ̀ọ̀dá Láníyì, báwo lòkè ṣe ga tó?
Ṣé ó ga tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alájì Múfú?"
"Ó jù ú lọ."
"Ẹ̀ẹ̀mélòó ló fi jù ú?"

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.
Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú bí àtẹ;
omi ló mọ̀, kò mọ òkè.
Ọmọ tí kò gun nǹkan kan rí
ju àtẹ̀gùn àti èjìká bàbá rẹ̀ lọ,
kí ni n óò fi ṣàpèjúwe fún un?

Lárọ̀ọ́ Sátidé, mo mú un lọ sórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Óyìngbò.
Mo gbé báàgì òfìfo kọ́ ọ lẹ́yìn, ó bò ó dé kókósẹ̀.
Ní ìdajì àtẹ̀gùn ó dúró, ó ń mí gúlegúle,
ó na àtàǹpàkò rẹ̀ bíńtín
sí alábàárù kan tó ń gòkè bọ̀ lọ́wọ́ òfo.
Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Kò bèèrè kọ́bọ̀.
Ó gbé e ka èjìká, tòun ti báàgì.

Lókè, Ìbídùn wo páànù tó ti dípẹtà,
ó wo irin rélùweè, ó wo ọ̀sà tó ń kọ mànà lọ́hùn-ún.
"Ṣé ibí ni?"
Mo fẹ́ sọ pé rárá.
Mo bèèrè orúkọ alábàárù, mo kọ ọ́ sínú ìwé,
sábẹ́ awakọ̀ oníṣu àti awakọ̀ eléwúrẹ́:
Húnsù, Òyìngbò, àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún.

Erùpẹ̀ yòókù, n kò dà á nù.
Ó wà nínú agolo sàdíìnì lójú fèrèsé.
Ìbídùn ti gbin ẹ̀wà mẹ́ta sí i.
Ọ̀kan ti hù, ó ń wá ohun tí yóò gùn.