Fọ́ọ̀mù Ardith

Aago mọ́kànlá alẹ́ ní òkè Kẹ́ntọ́kì.
Ardith ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì,
ó ṣí kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà “a” rẹ̀ ti yọ.
Owó ìwádìí wà nílẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá tọrọ;
lọ́la, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn á tì.

Ìbéèrè kìíní: Kí ni ìṣòro àdúgbò yín?
Kí ó má ju igba ọ̀rọ̀ lọ.
Igba! Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́,
ikọ́ kékeré, ikọ́ ẹni tí kò wọ ihò rí.
Ti Verlon aládùúgbò rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa èédú lábẹ́ òkè,
èédú tó tanná fún ìlú tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí.
Èyí tó wà jáde, wọ́n sanwó rẹ̀;
èyí tó fà símú, kò sẹ́ni tó rà á.
Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.
Orí àga ló ń sùn, ní ìjókòó, bí ẹni ń retí àlejò;
bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí á kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè kejì: Ẹ fi iye hàn wá.
Iye wà. Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, wọ́n ti tì í.
Ogójì máìlì ọ̀nà, tó lọ́ bí ìfun ẹran,
ni aboyún ń rìn kó tó kan agbẹ̀bí.
Ọmọ Marvena kò dúró de ogójì máìlì.
Inú ọkọ̀ ló bọ́ sí, lẹ́bàá ọ̀nà, òjò ń rọ̀,
okùn bàtà ni bàbá rẹ̀ fi di ìwọ́ rẹ̀.
Ọmọ náà yè.
Abẹ́ iye wo ni kí á kọ ìyẹn sí?

Wọ́n ti wá rí o. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wá,
pẹ̀lú ìgò tín-ín-rín àti ìwé ìbéèrè.
Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba itọ́,
wọ́n jẹ kéèkì lọ́dọ̀ Màmá Opaline, wọ́n tún bù sí i,
wọ́n ní àwọn á padà wá sọ ohun tí àwọn rí.
Ọdún kẹjọ rèé.
Opaline ti wọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà
nínú fìríjì kan tí a ò mọ àdírẹ́sì rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè
ta ni yóò darí iṣẹ́, kí ni oyè rẹ̀,
Ardith nọ́ọ̀sì kọ orúkọ ara rẹ̀,
ó kọ ti Verlon, ó kọ ti Marvena.
Níbi oyè, ó fi àyè sílẹ̀. Ó padà wá, ó kọ ọ́ pé:
Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù rẹ̀ kí á tó bá a ké ọfẹ.
A ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ké e.

Ètò ìnáwó: ẹ̀rọ àyẹ̀wò èémí, méjì.
Epo ọkọ̀. Ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ
nígbà tí ìyá wọn bá ń dáhùn ìbéèrè.
Sítáǹpù, ẹgbẹ̀ta,
kí àbájáde lè mọ̀nà ilé.

Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú.
Ó gbá kọ̀ǹpútà mú, ó wa ọkọ̀ gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì,
Verlon lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbá afẹ́fẹ́ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì,
wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sókè síhà ilé agogo.
Ó ń yí. Ó ń yí.
“Ó lọ?”
“Ó lọ.”
“Ṣé wọ́n á fún wa?”
“Mi ò mọ̀.”
Verlon wo àfonífojì títí, ó mí bó ṣe lè mí.
“Bí wọ́n bá kúkú wá,” ó ní,
“sọ fún wọn kí wọ́n má jókòó sórí àga mi.”