Ibùsọ̀ Méjì Ààbọ̀

Agogo mẹ́rin ìdájí, yìnyín ti dé orúnkún.
Mo gun katakata, mo tan iná orí rẹ̀,
iná aláwọ̀ ọsàn tó ń yí bírí bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn.
Wọ́n ní èmi, Armand Thibault, ni mo ń la ọ̀nà fún ìlú Corbin Mills.
Irọ́ ni.
Ilé ló ń la ọ̀nà.
Ilé tó dúró gbagidi nínú òkùnkùn yẹn,
tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò lápá,
òun ló ra epo sínú ọkọ̀ mi,
òun ló rán ọmọ Desrochers lọ sílé ìwé,
òun ló so rọ́bà omi mọ́ ọkọ̀ panápaná.

Ìgbà kan wà tí ilé-iṣẹ́ bébà ń bẹ létí odò.
Òun nìkan ló ń dá ìdajì owó ìlú san.
Èéfín rẹ̀ a máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́,
bàbá mi a fa imú, a ní, "Òórùn owó nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀."
Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́dún tí mo gbéyàwó.
Òórùn lọ. Ìnáwó kò lọ.
Afárá kò gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ti kú, ó ń dógùn-ún lọ ní tirẹ̀.
Ẹrù tí erin ń dá rù tẹ́lẹ̀,
wọ́n wá pín in fún ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín.

Delphine Pelkey wà lára wọn.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ilé pákó, igi ápù méjì.
Kò lọ́mọ nílé ìwé, kò ní mọ́tò tó ń rìn.
Ọkùnrin awọnlé dé lóṣù kẹsàn-án pẹ̀lú tépù,
ó wọn ìloro, ó wọn òkè àjà,
ó béèrè bóyá fèrèsé yẹn jẹ́ tuntun.
"Lucien ló fi í síbẹ̀ kó tó kú," ni ìyá náà wí.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀: fèrèsé, tuntun.
Ikú kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù.
Wọ́n fi dọ́là mọ́kànlélógójì lé owó orí ilé
nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé.
Ilé làbọ̀ sinmi oko; tirẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé:
owó tí Delphine ń san lọ́dún,
ẹ yọ ti ilé ìwé, ẹ yọ ti ọlọ́pàá,
ẹ yọ ti ilé ìkàwé tí kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé,
ohun tó kù, ibùsọ̀ méjì ààbọ̀ yìnyín ni.
Láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ibùsọ̀ mẹ́sàn-án.
Àwa yòókù la wà láàárín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, a péjọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé.
Ká ra katakata tuntun, àbí ká má rà á? Tèmi ti ń húkọ́.
Roland Quimby dìde, ó ní owó yìí ti ń wọ egungun.
Òótọ́ ló sọ. Mo mọ oko rẹ̀, mo mọ gbèsè orí rẹ̀.
Mo wolẹ̀. Ta ni mí, tí mò ń jẹun nínú abọ́ wọn,
tí n ó ní kí wọ́n bù sí i?
Ìyá Pelkey nawọ́. Àyà mi já.
Ó pẹ́ kó tó nàró tán.
"Lóru tí àyà ń dun Lucien, ọkọ̀ aláìsàn rí ọ̀nà gbà.
Ó lo oṣù mẹ́rìnlá sí i.
Ó ráyè fi fèrèsé sí."
Ó jókòó.

Ọwọ́ mọ́kànléláàádọ́rin gbà, mẹ́rìndínláàádọ́rin kọ̀.
Ti Roland wà lára àwọn tó kọ̀;
òun náà ló bá mi to àga lẹ́yìn ìpàdé.

Owó yóò lé sí i lóṣù keje. Mi ò mọ bí yóò ṣe san án.
Ó ti ń sọ̀rọ̀ títa ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.
Ní ìdájí òní, ọ̀nà tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ là,
ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ rẹ̀ fún mi.
Iná kan wà ní fèrèsé.
Mo gbé abẹ ọkọ̀ sókè díẹ̀,
kí n má baà fi yìnyín ìlú dí ẹnu ilé rẹ̀.