Pe Muri

Heldur ló fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà náà sára ògiri,
lókè ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà yìnyín sí:
192.168.1.37.
Ó ní, "Salme, bí o bá fẹ́ mọ bí sáúnà ṣe gbóná tó,
má wulẹ̀ la àgbàlá kọjá nínú òtútù.
Tẹ èyí. Yóò sọ fún ọ."

Ọdún mẹ́ta ni Salme fi ń tẹ̀ ẹ́,
ojú lára ògiri, ìka lórí fóònù,
ẹ̀rọ kékeré abẹ́ pákó ilé ìwẹ̀ a sì dáhùn:
ogójì. Àádọ́ta. Ẹ máa bọ̀.

Àfi ní oṣù kejì yìí
tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù wá láti Võru,
tí wọ́n yọ àpótí àtijọ́, tí wọ́n gbé tuntun síbẹ̀,
funfun, oníwo mẹ́rin, bí àgbò tí kò lójú.
Àpótí tuntun kò mọ ìtàn ilé.
Ó pín nọ́ńbà bí ẹni ń pín ẹní fún àlejò òru:
ẹni tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ló kọ́kọ́ gbà.

Salme tẹ 37.
Tẹlifíṣọ̀n ló dá a lóhùn.
Ó tún un tẹ̀, ó rọra,
bí ẹni ń bá odi sọ̀rọ̀.
Tẹlifíṣọ̀n náà ni.

Ìjì ń jà níta. Heldur wà ní ilé ìwòsàn ní Tartu,
irin tuntun nínú egungun ìbàdí rẹ̀.
Bí páìpù sáúnà bá dì, yóò bẹ́ kílẹ̀ tó mọ́.
Salme pè é, ó ń pariwo,
àfi bí ẹni pé àádọ́rin kìlómítà ń di etí ènìyàn.

"Heldur, nọ́ńbà rẹ ti kú!"
"Nọ́ńbà kì í kú, kíkó ló ń kó.
Nígbà tí Muri wà láyé,
ṣé nọ́ńbà lo fi ń pè é?"

Muri: ajá dúdú, elétí kan ṣoṣo,
tó sùn lábẹ́ pákó yẹn fún ọdún mẹ́rìnlá,
tí kò sì jí mọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan
tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́.
Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
Heldur wo ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣẹ́jú níbẹ̀,
kò wá orúkọ mìíràn lọ.

"Tẹ muri. Fi àmì ìdánudúró sí i. Tẹ local.
Ìyẹn ni pé Muri tiwa, kì í ṣe Muri gbogbo ayé."

Salme tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan.
Ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú kò tó o:
fóònù na ohùn sókè láàrin ilé,
Ta ló ń jẹ́ Muri níbí o?
Tẹlifíṣọ̀n gbọ́, ó dákẹ́.
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gbọ́ ní yàrá ẹ̀yìn, kò mira.
Oníwo mẹ́rin pàápàá kò rí nǹkan kan sọ.
Lẹ́yìn náà, láti òdìkejì àgbàlá:
Èmi rèé. 104 ni mo ń gbé báyìí.
Kò bèèrè ohun tó pẹ́ wọn
kí wọ́n tó pè é.

"Ó dáhùn o."
"Kí ló wí?"
"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."
"Mẹ́rin?"
"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, Heldur! Ó sì ń gòkè.
Èmi kò dáná."

Heldur dákẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀.
"Arvo ni mo bẹ̀ kó wá dá a.
Mo ní kó má sọ.
Ẹ̀yìn rẹ ti ń dùn ọ́ láti ọjọ́ Ẹtì."

Salme mú aṣọ ìnura kúrò lára ìkọ́.
Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ó ṣílẹ̀kùn sínú ìjì,
kó sì tó mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe,
ó ti súfèé.