Ẹgbẹ̀rin Náírà

Ẹgbẹ̀rin náírà ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
owó ọ̀kadà tí yóò gbé mi dé Ìwárájà lọ́jọ́ Ajé
kí n lè fi ìṣirò kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Mo ká a sí méjì, mo fi í sínú Bíbélì,
láàárín Òwe àti Oníwàásù,
mo ní, "Sùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jí ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Àrínọlá dé láti Òṣogbo
pẹ̀lú ẹ̀pà sísun ìgò kan,
ó ní òun wá jayé òpin ọ̀sẹ̀ ní Iléṣà.
Ayé wo? Iléṣà tí ẹyin adìẹ kan ṣoṣo
ti di ohun tí èèyàn ń kúnlẹ̀ kó tó bèèrè iye rẹ̀,
tí oníṣu Àtàkúnmọ́sà ń faṣọ bo iṣu
bí ẹni ń tọ́jú ìkókó!

Mo sọ òótọ́ fún un. Ó wò mí, ó gbé ìgò sílẹ̀.
"Ṣebí wọ́n ní àwọn baba yín kì í ra ìṣáná,
ilé ni wọ́n ti ń gbé iná dóko?
Gbé iná jáde, jẹ́ ká lọ."

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta a dúró lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ọtí,
níbi tí òórùn ọkà gbígbóná ti ń fo odi jáde
láìsan owó ibodè.
Àrínọlá fa imú, ó ní òun ti mu ife kan.
Mo ní kó rọra,
n ò lówó tí n ó fi gbé ọ̀mùtí relé.

A wo àwọn bàbá tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé-ìwé,
àwọn tí ikùn wọn ń ṣáájú wọn dé ìdí bọ́ọ̀lù.
Adéọ̀ṣun tó ń ta táyà ló ń ṣọ́lé;
mẹ́rin wọlé, ó ṣì ń so okùn bàtà.
A pàtẹ́wọ́ fún okùn náà.

Òjò lé wa wọ ṣọ́ọ̀bù alága.
A jókòó lórí àga tí ọ̀rá ò tíì kúrò lára rẹ̀,
ó ń pariwo lábẹ́ wa bí ẹni ń jẹ gúgúrú.
Ọmọge tó ń tà á bi wá bóyá a ó san lónìí.
"Ọkọ mi ṣì ń ro àwọ̀," ni Àrínọlá wí,
kò ṣẹ́jú.

Ọkọ mi.
Òjò dá, n ò mọ̀.
Wọ́n dárúkọ iye àga náà, n ò gbọ́.

Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn dé ilẹ̀ Èkìtì,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òun ò ní dìde.
Èmi náà lóṣòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lórí àpáta ẹ̀yìn ilé,
mo ní kí Àbámẹ́ta san gbogbo ohun tó jẹ mí:
oòrùn pupa lórí páànù,
ariwo àwọn ọmọdé tó ń bọ̀ látòdò,
èjìká ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tó ń ta sánsán ẹ̀pà.
Ó san án. Kò dín ní kọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, igbá ọrẹ ń bọ̀ láti ìlà dé ìlà.
Bíbélì wúwo lórí itan mi.
Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo tì í bọnú igbá, mo yọ ọ́ jáde.
Olúwa mọ ohun tó wà níbẹ̀.
Ìyá Fádùnmóyè tó gbé igbá náà mọ̀.

Ní gáréèjì, owó ọkọ̀ Òṣogbo ti fò sókè láti ọjọ́ Ẹtì.
Àrínọlá tú ìdí aṣọ, ó kà á, ó tún un kà.
Ó ku ọ̀ọ́dúnrún.
Kò wojú mi.
Mo ṣí ẹ̀yìn Òwe, mo jí èyí tí mo ní kó sùn.

Lọ́jọ́ Ajé mo fẹsẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà.
Mo kọ ọ́ sára pátákó, eruku lẹ́sẹ̀ mi:
ẹgbẹ̀rin, ẹ yọ ọ̀ọ́dúnrún, ó ku mélòó?
"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta!" ni wọ́n ké.
Mo ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo ní kí wọ́n tún un kà.